Ìwé Akẹ́kọ̀ọ́ Kì í Ṣe Ìwé Àṣetán: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn tí Ń Fẹ́ Kọ́ Alùpùpù

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí ń kọ ọ̀pọ̀ òbí lóminú, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn wà ní ìlú Òyìnbó. Ọmọ a kọ̀wé sílé pé òun fẹ́ ra alùpùpù, nítorí pé owó ọkọ̀ ojú irin ti pọ̀ jù, tàbí nítorí pé iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé ṣe láìsí i. Bí ìwé náà bá ti dé, ìyá a fi igbe ta, bàbá a sì dákẹ́. Àwọn òbí kan a fèsì lójú ẹsẹ̀ pé àwọn kò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn a sì fi owó ránṣẹ́ láìbéèrè ohunkóhun. Lójú tiwa, ọ̀nà méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó. Orí bíbẹ́ kì í ṣe oògùn orí fífọ́; bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n kì í sì í fi ọ̀bẹ mímú lé ọmọ lọ́wọ́ láìkọ́ ọ bí a ti ń lò ó.

Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a ṣàlàyé, fún bàbá, fún ìyá, àti fún ọ̀dọ́ náà fúnra rẹ̀, bí ẹni tí kò gun alùpùpù rí ti ń bẹ̀rẹ̀ ní England, Scotland àti Wales, ohun tí òfin ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tí òfin kò lè ṣe fún un bí òun fúnra rẹ̀ kò bá kíyè sára.

Ìwé méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní kí ó tó dá gun alùpùpù lójú pópó. Èkíní ni ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, tí ilé iṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní DVLA ń fúnni. Èkejì ni ìwé ẹ̀rí pé ó ti parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìpìlẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CBT. Láti ọdún 1990 ni a ti sọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí di dandan. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó bá ti gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé alùpùpù jáde lọ sí àárín ọkọ̀ ńláńlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí a ti ń dá a dúró.

Ọmọ ọdún 16 lè kọ́ alùpùpù kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 50cc lọ, tí a kò sì ṣe láti sáré ju kìlómítà 45 ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 17 lè kọ́ èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó 125cc, tí agbára rẹ̀ kò ju kìlówáàtì 11 lọ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé méjèèjì lọ́wọ́, òkùn ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lẹ lẹ́tà L pupa tí ó wà lórí pátákó funfun mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn alùpùpù náà. Kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, ìbáà ṣe àbúrò rẹ̀, ìbáà ṣe àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ wọ ọ̀nà márosẹ̀ ńlá. Ẹni tí ó bá gun alùpùpù láìní ìwé ẹ̀rí CBT tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá lè san owó ìtanràn tí ó tó 1,000 pọ́ùn, a sì lè kọ àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fà sí ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó máa ń kùn sí àwọn ìdènà wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ẹni tí a bá gbé sẹ́yìn ń yí ìwọ̀n alùpùpù padà: bí ó bá fì sí ọ̀tún nígbà tí awakọ̀ ń fì sí òsì, ọwọ́ tí kò tíì gbó kò lè kó wọn dúró. Lẹ́tà L náà kì í ṣe àmì ìtìjú. Ó ń sọ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé kí ó fún ẹni yìí ní àyè. Àwọn kan a yọ ọ́ kúrò nítorí afẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ rú òfin, ó sì tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta sùúrù àwọn ẹlòmíràn nù.

Ó yẹ kí àwọn tí ń ti ilé lọ mọ èyí pẹ̀lú. Ẹni tí ìwé àṣẹ alùpùpù rẹ̀ ti Nàìjíríà ṣì dára lè fi í gun alùpùpù níbẹ̀ fún oṣù 12 láti ìgbà tí ó ti di olùgbé ìlú náà. Bí oṣù náà bá ti pé, a kì í gba ìwé Nàìjíríà kí a fi ti Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀ bí a ti ń ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè kan. Olúwarẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gun ọ̀kadà fún ogún ọdún ní Ìbàdàn.

Báwo ni ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ti rí? Apá márùn-ún ni ó ní, ó sì sábà máa ń gba odindi ọjọ́ kan. Ní apá kìíní, olùkọ́ a wo ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, a sì dán ojú rẹ̀ wò nípa mímú kí ó ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti nǹkan bí mítà 20. Ẹni tí ń lo awò lè lo awò rẹ̀. Olùkọ́ a tún sọ̀rọ̀ nípa aṣọ àti akoto. Ní apá kejì, a kò tíì gun ohunkóhun. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́ bí a ti ń gbé alùpùpù kúrò lórí ìdúró rẹ̀, bí a ti ń tì í lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara, bí a ti ń tan ẹ́ńjìnnì àti bí a ti ń pa á. Ẹni tí ó bá rò pé eléyìí kò já mọ́ nǹkan, kí ó ti alùpùpù tí ó wúwo ju òun lọ yípo ọgbà kan kí ó tó sọ̀rọ̀.

Níbẹ̀ náà ni yóò ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lára alùpùpù tí ó ní jíà, ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo, òun náà ni ó sì ń fa bíréèkì iwájú. Ọwọ́ òsì ń di kúlọ́ọ̀ṣì mú. Ẹsẹ̀ òsì ń pààrọ̀ jíà, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Àwọn alùpùpù kan wà tí kò ní jíà tí a ń pààrọ̀, tí bíréèkì méjèèjì wà lọ́wọ́; wọ́n rọrùn fún ẹni tí kò gun ohunkóhun rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáradára ti ní ìdajì ẹ̀kọ́ náà lára, nítorí pé ara rẹ̀ ti mọ bí a ti ń dúró lórí táyà méjì. A gba ọ̀dọ́ nímọ̀ràn kí ó kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ fún oṣù díẹ̀.

Apá kẹta ni gígùn nínú ọgbà tí ọkọ̀ mìíràn kò sí. Olùkọ́ kan kò gbọdọ̀ kó ju akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ níbẹ̀. Wọn a lọ tààrà, wọn a dúró. Wọn a rọra lọ bí ẹni ń rìn. Wọn a yí gba àárín nǹkan bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8 sílẹ̀. Wọn a yí padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Wọn a sì kọ́ bí a ti ń dúró lójijì. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mú dání: ibi tí ojú bá wò ni alùpùpù ń lọ. Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ òkúta tí ó fẹ́ yẹ̀ fún, òkúta náà ni yóò kọ lù. Kí ó gbé ojú sókè sí ibi tí ó fẹ́ dé, ara rẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e.

Nípa bíréèkì, ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé ń bẹ̀rù ti iwájú, wọ́n ń sọ pé òun ni ó ń dá ènìyàn dojúbolẹ̀. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé ti iwájú ni ó lágbára jù, nítorí pé bí alùpùpù bá ti ń dúró, ìwúwo rẹ̀ a sún síwájú. Ohun tí ń dá ènìyàn ṣubú ni kí a já a gbà lójijì, tàbí kí a fà á nígbà tí a ń yí kọ́nà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a lo méjèèjì pọ̀, kí ti iwájú pọ̀ díẹ̀ bí ilẹ̀ bá gbẹ. Bí òjò bá rọ̀, kí a pín in dọ́gba, kí a sì rọra. Ìdérí irin ojú kòtò, ọ̀dà funfun ojú pópó, àti ewé tí ó wọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀ ní ìlú wọn, gbogbo wọn ni ó ń yọ̀ bí ilá.

Ní apá kẹrin, olùkọ́ a tún pè wọ́n jókòó, a sì kọ́ wọn ní òfin ojú pópó àti ìwà àwọn tí wọn yóò bá pàdé níbẹ̀. Awakọ̀ mọ́tò lè wo ọ̀nà, kí ó má sì rí alùpùpù, nítorí pé mọ́tò ni ojú rẹ̀ ń wá. “N kò rí i” ni ọ̀rọ̀ tí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sọ lẹ́yìn ìjàǹbá, ó sì lè má purọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tí ó wà lórí alùpùpù ni kí ó dúró síbi tí a ó ti rí i, kí ó sì máa rò pé a kò tíì rí òun. Kí ó tó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó wo jígí, kí ó tan tiráfíkétọ̀, kí ó sì bojú wo ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ń pe èyí ní ìwò tí ń gba ẹ̀mí là. Bí ó bá sì ti yà tán, kí ó pa tiráfíkétọ̀ náà, nítorí pé ti ọ̀pọ̀ alùpùpù kì í dá kú bí ti mọ́tò. Èyí tí a gbàgbé ní títàn ń tan ẹni tí ó dúró ní oríta jẹ: yóò rò pé a fẹ́ yà, yóò sì jáde síwájú ẹni.

Apá karùn-ún ni ojú pópó gan-an. Kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí méjì, olùkọ́ kan kò sì gbọdọ̀ mú ju akẹ́kọ̀ọ́ méjì lọ. Òun a máa bọ̀ lẹ́yìn wọn lórí alùpùpù tirẹ̀, a sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ rédíò tí ó wà létí wọn. Kò sí máàkì nínú gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, kò sì sí pé ẹnìkan yege, ẹnìkan kùnà. Olùkọ́ yóò fọwọ́ sí ìwé nígbà tí ó bá dá a lójú pé akẹ́kọ̀ọ́ lè dá lọ láìléwu. Bí kò bá tíì dá a lójú, yóò ní kí ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Kí òbí má ṣe bínú nígbà tí ọmọ bá kọ̀wé pé wọ́n ní kí òun padà. Owó tí a fi ra ọjọ́ kejì kéré sí owó ilé ìwòsàn.

A dé orí ọ̀rọ̀ orí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, T. E. Lawrence, jagunjagun tí gbogbo ayé mọ̀, ń gun alùpùpù rẹ̀ ní Dorset. Ó fẹ́ yẹ̀ fún àwọn ọmọdékùnrin méjì tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́, ó sì ṣubú. Kò dé akoto. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi sùn láìmọ ara rẹ̀, ó sì kú ní ẹni ọdún 46. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí wọ́n pè sí i ni Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ikú yìí dùn ún dọ́kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí lórí orí àwọn tí ń gun alùpùpù. Ní 1941 ni ó gbé ìwádìí náà jáde, ní ọdún kan náà sì ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sọ akoto di dandan fún àwọn tí ń fi alùpùpù jíṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, ọdún 1973 ni òfin tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn níbẹ̀. Ní 2008, àwọn olùwádìí tí ó kó àbájáde ìwádìí 61 jọ rí i pé akoto ń dín ewu ikú kù ní ìwọ̀n 42 nínú 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìwọ̀n 69 nínú 100.

Àwa nílé kò gbàgbé oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kadà tí kò dé akoto. A rí àwọn tí ó dé igbá, àti àwọn tí ó dé ìkòkò ìsebẹ̀, kí ọlọ́pàá má baà mú wọn. Ayé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ní omijé nínú. Ẹni tí ó dé igbá dáàbò bo àpò rẹ̀ lọ́wọ́ owó ìtanràn. Orí rẹ̀ wà níhòòhò. Nítorí náà, bí òbí bá ní owó díẹ̀ láti fi ránṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ fi ra akoto tuntun tí ó bá orí ọmọ náà mu. Kí ó má ṣe ra tòkunbọ̀, nítorí pé akoto tí ó ti ṣubú rí lè dára lójú kí inú rẹ̀ sì ti fọ́. Lẹ́yìn náà ni ìbọ̀wọ́, bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, àti ẹ̀wù àti ṣòkòtò tí ó nípọn.

Ní báyìí, a fẹ́ sọ ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí gan-an. Ọdún méjì ni ìwé ẹ̀rí CBT ń lò. Òfin ní lọ́kàn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọdún méjì náà tẹ̀ síwájú. Ìdánwò ìmọ̀ wà, tí ó ní ìbéèrè 50, tí a sì gbọ́dọ̀ gba 43 nínú rẹ̀. Ó tún ní àwòrán ojú pópó tí ń rìn, níbi tí a ti ń wò bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tètè rí ewu tí ń bọ̀. 44 nínú 75 ni a gbọ́dọ̀ gbà. Àwọn baba wa ti mọ ìdánwò yìí tipẹ́tipẹ́: igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò gígùn méjì, èkíní nínú ọgbà, èkejì lójú pópó. Ẹni tí ó bá yege lórí 125cc ní ẹni ọdún 17 yóò bọ́ lẹ́tà L sílẹ̀. Ní ẹni ọdún 19, ó lè ṣe ìdánwò fún èyí tí agbára rẹ̀ kò ju kìlówáàtì 35 lọ. Bí ó bá sì ti fi ọdún méjì gba ìwé ti èyí, ó lè ṣe ìdánwò fún èyí tí ó wù ú ní ẹni ọdún 21. Ẹni tí ó ti pé ọdún 24 lè lọ sí ìdánwò ti ńlá tààrà.

Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀pọ̀ ń ṣe? Wọn a gun alùpùpù fún ọdún méjì, wọn a tún padà lọ gba CBT mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọn a sì máa yípo. Òfin kò dí wọn lọ́wọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè fi ọdún mẹ́fà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan nínú wọn ń gbé oúnjẹ kiri ìlú London lóru àti lójò, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà náà ni ìrírí, kì í sì í wá fún ẹni tí kò wá a.

Nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun méjì ni kí òbí kìlọ̀. Èkíní ni pé ìwé ìbánigbófò lásán kò dáàbò bo ẹni tí ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ fún owó. Èyí tí ó bá iṣẹ́ náà mu ni kí ó rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ó dàbí ẹni tí kò ní ìwé kankan. Èkejì ni pé ẹni tí ó wà níbẹ̀ lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, irú èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé oúnjẹ ń ṣe sì nìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó oṣù mẹ́ta ba ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta jẹ́.

Kí a má sì ṣe rò pé ìlú Òyìnbó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nàìjíríà náà ní ìlànà: ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, ìdánwò lọ́wọ́ àwọn VIO, kí ó tó kan ìwé àṣẹ gan-an, èyí tí ti alùpùpù jẹ́ ẹ̀ka A. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé pápá ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tí wọ́n sì ti ń gbé aláboyún ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹni tí ó bá ń rán ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí ni ìdí rẹ̀ tí yóò fi rò pé ìrọ̀lẹ́ kan tó fún iṣẹ́ tí ó fi ẹ̀mí sọwọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ìwé ọmọ bá dé, ẹ má ṣe ké, ẹ má sì ṣe kánjú san owó. Ẹ bi í léèrè bóyá ó ti gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ní kí ó lọ ṣe CBT lórí alùpùpù ilé ẹ̀kọ́ náà kí ó tó ra tirẹ̀, nítorí pé àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí àwọn fẹ́. Ẹ bi í nípa akoto rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ bi í ní ọjọ́ tí yóò ṣe ìdánwò tí ó kàn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà yín nílé. Ọmọ tí ó mọ̀ pé bàbá òun yóò béèrè kì í sábà sùn lórí ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà L náà wà níbi tí òfin fi í sí, títí ẹ ó fi yege tí ẹ ó sì bọ́ ọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọlá. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.